Àjẹ́ Ké Lánàá, Ọmọ Kú Lónìí

Olóòtú ètò rédíò wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má dárúkọ mi. Lọ́dún yìí ọmọ mi obìnrin bí ìbejì, ọmọ ọmọ mi ọkùnrin gbéyàwó. Ọ̀sẹ̀ tí ìyàwó wọlé ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Mo ní ẹsẹ̀ ìyàwó ni: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí! Ìyàwó sunkún padà sílé bàbá rẹ̀ ní ìlú Akanda.

Audrey, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ń kọ́ filọ́sọ́fì, bi mí pé: “Màmá, ọjọ́ tí àjẹ́ ké tí ọmọ kankan ò kú ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ yẹn náà lẹ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àwọn àgbà. Ṣé síléètì yín ló lé bùrọ̀dá níṣẹ́ ni?”

Orí mi wú sí ọgbọ́n ọmọ náà. Ẹ̀yin olùgbọ́, báwo ni àgbà ṣe ń bẹ ìyàwó ilé? Mo ti fọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà sí i pé kó padà wálé. Mo fi owó takisí sínú rẹ̀: ẹgbẹ̀rún márùn-ún sẹfà.