Bẹ́ẹ̀dì Tí Kò Sẹ́ni Tó Fẹ́ Sùn Lé

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà.
Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi kọ ìwé ìrántí yìí. Akọ̀wé ni mò ń pè é. Èmi ò mọ̀wé. Bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó ṣe kọ ọ́.
Nọ́ọ̀sì wá sí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà mi. Ó fẹ́ bẹ́ẹ̀dì gíga tí àwọn obìnrin á máa sùn lé, kí òun lè yẹ ọrùn ilé-ọmọ wọn wò. Ó ní jẹjẹrẹ máa ń sápamọ́ síbẹ̀ fọ́dún púpọ̀ kó tó dunni, pé tí a bá tètè rí i, ó ṣeé wò. Mo ní kó má wulẹ̀ ṣàlàyé. Jẹjẹrẹ yẹn ló pa ìyàwó mi.

Ọjọ́rú, karùn-ún.
Mo fá igun bẹ́ẹ̀dì náà títí ó fi dán.
Ẹlẹ́rìn-ín — bí mo ṣe ń pe ìyàwó mi nìyẹn. Ó ti pẹ́ tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró. Ọjọ́ kan, ẹ̀jẹ̀ tún dé. Ó ní, "Baálé mi, mo ti padà di ọmọge o. Ẹ wá tún mi fẹ́." Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pè é ní ìyàwó tuntun. Èmi náà ń yangàn kiri. Mo ra aṣọ fún un. Òpònú ni mí. Jẹjẹrẹ ló ń ṣẹ̀jẹ̀.
Bíírò Akọ̀wé dúró níbí. Mo ní kó máa kọ lọ.

Àbámẹ́ta, kẹjọ.
Mo gbé bẹ́ẹ̀dì náà lọ fún nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn rẹ̀. Kò mì rárá.

Ọjọ́bọ̀, kẹtàlá.
Kò sẹ́ni tó wá ṣàyẹ̀wò. Aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ló là á yé mi: "Bàbá, wọ́n ní ẹni tó bá sùn lé e ń wọn pósí ara rẹ̀ wò." Torí pé mò ń kan pósí. Mo bi í pé ta ló kan bẹ́ẹ̀dì tó sùn lé tó fi lóyún gbogbo ọmọ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Síbẹ̀, kò lọ.
Wọn ò purọ́. Èmi ni mo kan ti Ẹlẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ajé, kẹtàdínlógún.
Ọjọ́ abẹ́rẹ́ ọmọ. Ilé ìwòsàn kún. Mo wọlé, mo bọ́ bàtà, mo sùn gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì náà lójú gbogbo wọn. Mo dìde. Mo ní ṣé wọ́n rí i pé mi ò kú. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ẹ kúrò níbẹ̀. Èmi ló kàn." Ó fa kọ́tìnì.

Ìṣẹ́gun, kejìdínlógún.
Aránṣọ ti lọ. Àwọn mìíràn tò sẹ́yìn rẹ̀.
Ti Akọ̀wé kò dáa. Nọ́ọ̀sì ní ohun tí òun rí ju agbára òun lọ, kó lọ sí ọsibítù ńlá kí wọ́n gé díẹ̀ lára ibẹ̀ yẹ̀ wò. Kò tíì sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ó ti pẹ́ jù. Ọ̀la la máa lọ.
Mo bi í pé ìgbà wo ló ti ń rí ẹ̀jẹ̀ tí kì í ṣe ti nǹkan oṣù. Ó ní kí nọ́ọ̀sì tó dé ṣọ́ọ̀bù mi rárá ni. Pé bí òun bá ti fẹ́ sọ ọ́, òun á rántí bí mo ṣe ń kan pósí ìyá òun tí mò ń sunkún. Òun ò fẹ́ kí n tún kan òmíràn.
Ó ń kọ èyí náà. Kò wojú mi.
Ọjọ́rú ọjọ́sí, tí bíírò rẹ̀ dúró, mo rò pé ìyá rẹ̀ ló ń rò. Mo ní kó máa kọ lọ.