Mẹ́rin Nínú Mẹ́wàá

Galih,

Jọ̀ọ́, má ṣí fóònù ẹ títí màá fi dé. Tó o bá ti ṣí i, má ka ohun tí wọ́n kọ nípa géèmù Ọkọ̀ Ìsọdá. Tó o bá ti kà á, jókòó dè mí. Má tíì sọ fún Ìyá.

Èmi ni mo kọ ọ́. Mo fún un ní mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Mo ní ìyá arúgbó kan ṣáà ń fi ọkọ̀ kó èèyàn sọdá odò, kò sì sẹ́ni tó débi kankan.

Lẹ́yìn tí mo fi ránṣẹ́, mo padà sínú géèmù náà láti ya àwòrán kan tí wọ́n máa fi sí i, mi ò sì lè dìde níbẹ̀ mọ́. Àárọ̀ yìí ni mo dé ìparí. Gbogbo wọn ló délé. Lẹ́yìn náà ni orúkọ ẹni tó ṣe é jáde: orúkọ ẹ, ìwọ tó o ní báǹkì lò ń lọ láti ọdún méjì.

Mo pe Pak Hendro, ọ̀gá wa níléeṣẹ́ ìwé ìròyìn, pé kó jẹ́ kí n yí máàkì náà padà. Ó ní, "Wening, ìwọ náà lo fún un ní mẹ́rin. Ṣé mẹ́rin ọ̀hún bímọ mọ́jú ni?" Aago mẹ́wàá ni ohun tí mo kọ máa jáde. Mo ti gbé ọ̀kadà lọ bá a. Tó bá gba ẹkún, màá sun ún níwájú gbogbo wọn.

Tempe wà nínú àwo tí mo dé. Jẹun.

Mo rí ohun tó o kọ sábẹ́ orúkọ ẹ: "Fún ẹ̀gbọ́n mi Wening, tí kì í fi nǹkan sílẹ̀ láìparí." Wákàtí mẹ́ta péré ni mo gbá nínú ogún, Galih, kí n tó kọ mẹ́rin yẹn.