Àkọlé Ti Lọ, Ọ̀rọ̀ Kù Nílé

Ọmọ mi, àbíkẹ́yìn mi,

Òrùlé tó ń jò, ikọ́ ìyá rẹ, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí kò tì dáadáa mọ́, àti ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ: àwọn mẹ́rin yìí ni kò jẹ́ kí n fojú ba oorun láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo kí ọ púpọ̀. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ìjáde àti ìwọlé rẹ. Àwa náà wà, bí ènìyàn ṣe lè wà lábẹ́ òrùlé tó ń jò.

Nígbà tí o wá kẹ́yìn, o bi mí bóyá mo gbà kí o fẹ́ ọkùnrin tó ń tún aago ṣe náà, ẹni tí ìyàwó rẹ̀ kú tó fi ọmọ méjì sílẹ̀ fún un. Mo pariwo. Mo ní n kò rán ọ níléèwé kí o lọ máa wẹ ọmọ ọlọ́mọ. O ní ó dáa, pé ìparí oṣù yìí ni o máa fún un lésì, tí o kò bá sì gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni lẹ́nu mi kó tó dìgbà náà, rárá ni o máa sọ fún un, kí n má sì tún bi ọ́ léèrè ọkọ mọ́ láé. Ṣùgbọ́n aago ọwọ́ mi tó bá mi tún ṣe, àràárọ̀ ni mo ń fi rédíò dán an wò kí n lè rí ẹ̀sùn kà sí i lọ́rùn. Títí di òní kò fi ìṣẹ́jú kan yẹ̀. Mo rò ó títí, mo ní ẹni tó ní sùúrù fún irin kéékèèké báyìí yóò ní sùúrù fún ọmọ mi. Mo gbà.

Kí iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi fóònù rán sí ọ má baà sọnù lọ́nà, mo rántí ẹ̀kọ́ tí o kọ́ mi nípa iṣẹ́ rẹ lọ́jọ́ tí a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí o ya àwọn àpótí sẹ́yìn kàlẹ́ńdà. O ní ohun tó bá gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì kọjá, wọ́n á gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n á sì kọ àkọlé sórí ègé kọ̀ọ̀kan: irú àkọlé tó jẹ́, bó ṣe gùn tó, bí gbogbo ẹrù ṣe gùn tó, nọ́ńbà ìdánimọ̀, ègé wo nìyí àti bóyá òmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn, irú ẹrù tó wà nínú, àdírẹ́sì ẹni tó fi ránṣẹ́, kó tó wá kan àdírẹ́sì ẹni tó ni ín. (Èyí kò tíì yé mi. Ta ni í kí ara rẹ̀ kó tó kí onílé?) Èyí tó dẹ́rù bà mí jù ni nọ́ńbà ẹ̀mí. O ní wọ́n lè kọ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta síbẹ̀, ibùdó kọ̀ọ̀kan tó bá gbà kọjá á yọ ẹyọ kan kúrò, tó bá di òdo wọ́n á dà á nù kó má baà máa rìn kiri títí ayé. Mo ka ibùdó ọkọ̀ láti ẹnu ọ̀nà wa dé ọ̀dọ̀ rẹ, ó jẹ́ mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Ó ju mẹ́rìnlélọ́gọ́ta lọ. O tún ní àròpọ̀ kan wà tí wọ́n fi ń wò bóyá nǹkan bàjẹ́, ṣùgbọ́n àkọlé nìkan ló ń ṣọ́, ohun tó wà nínú kò kàn án. O rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Nítorí náà mo kọ tèmi ní pípé. Ọgọ́rùn-ún ni mo fi sí nọ́ńbà ẹ̀mí, kó lè dé kó sì tún ṣẹ́kù. Mo ṣe àròpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí mo kọ orúkọ tèmi, tìrẹ àti nọ́ńbà fóònù rẹ tán, àyè ti kún. Mo bá fi kádìí rẹ̀ pé ègé kìíní nínú méjì, òmíràn ń bọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, ó lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, n kò gbúròó rẹ. Àná ni ìyá rẹ ní kí n ka iṣẹ́ náà sí òun létí. Mo kà á. Ó ní kí n tún un kà. Ó ní bàbá ọmọ mi, bẹ́ẹ̀ ni dà nínú gbogbo eléyìí? Mo ní inú ègé kejì ló wà. Ó ní ègé kejì wá dà? Mo ní n kò tíì fi ránṣẹ́, mo ń dúró kí o kọ́kọ́ fọwọ́ sí i pé kìíní dé. Ìwọ náà mọ̀ pé ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi jẹ́ akọ̀wé ẹrù níbi tí wọ́n ti ń la pákó, n kò jẹ́ kí ọkọ̀ kejì gbéra rí kí ìwé ti àkọ́kọ́ tó padà wá tòun ti ìbuwọ́lù. Ìyá rẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e, lẹ́yìn náà ó bú sẹ́kún, ó ní ọmọ òun wà lọ́hùn-ún ó ń retí ègé kejì, èmi wà níbí mò ń retí ìbuwọ́lù, ọkùnrin ọlọ́kùnrin yóò sì gba rárá lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo fò mọ́ fóònù. Ó yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi sínú korobá tí a gbé sábẹ́ ibi tó ń jò. Télọ̀ iwájú ilé wa ní kí n fi tòun pè ọ́. Inú àkọlé tí mo kọ ni nọ́ńbà rẹ wà, àkọlé wà nínú fóònù, fóònù wà nínú omi. Télọ̀ ní Akọ̀wé, iṣẹ́ yín mọ́ jù.

Awakọ̀ ọkọ̀ àárọ̀ ni mo fi lẹ́tà yìí rán. N kò gé e. Bí o bá rí owó díẹ̀, fi rán an padà fún páànù òrùlé àti fóònù. Odindi ni kó jẹ́ o, má gé òun náà. Ìdáhùn mi rèé, láìsí àkọlé: bẹ́ẹ̀ ni. Fẹ́ ẹ. Ilé rẹ yóò tòrò, àwọn ọmọ méjèèjì yóò pè ọ́ ní ìyá tinútinú.

Ṣùgbọ́n bí awakọ̀ bá gbàgbé ńkọ́? Èmi fúnra mi ń bọ̀. N óò máa ka ibùdó náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí n sọ̀kalẹ̀ ní ìkẹrìnlélọ́gọ́ta, n kò ní dáhùn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù yìí, ni n óò gbéra, ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ géérégé, aago tí ọkọ rẹ tún ṣe.

Èmi ni bàbá rẹ.