Àwọn Lẹ́tà Tí Kò Gun Òkè

Ọjọ́ Ajé, 3 Òkúdu
Ó tún dì mí mú lónìí. Ẹ̀yìn ojúgun òsì — bí ẹni fi okùn so ó, tó wá ń fún un. Títì tó gun òkè yẹn ni, mi ò tíì rìn tó ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀. Mo dúró, mo yọ fóònù, mo ń tẹ ohun tí kò sí. Ìṣẹ́jú mẹ́ta, ìrora lọ bí ẹni pé kò wá rí. Mo rìn díẹ̀, ó tún dé. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń pín lẹ́tà. Ẹsẹ̀ Ìjì ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́. Ìjì wo? Ìjì tó ń fara ti ògiri.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Mi ò dé òkè. Ilé márùn-ún ló wà lókè lọ́hùn-ún, lẹ́tà mẹ́rin. Mo ní ma mú wọn lọ lọ́la. Mo kó wọn sábẹ́ yúnífọ́ọ̀mù àtijọ́ nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Mẹ́rin ti di mọ́kànlá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Adájọ́ ń bá mi gé èékánná ẹsẹ̀. (Ìyàwó mi ni. Ẹjọ́ kì í pẹ́ níwájú ẹ̀.) Ó di ẹsẹ̀ méjèèjì mú. Ó ní ọ̀tún gbóná, òsì tutù bí omi inú ìkòkò. Ó ní irun ojúgun òsì dà? Mo ní ọjọ́ orí ni. Ó ní ṣé ẹsẹ̀ kan lè dàgbà ju èkejì lọ ni? Ọ̀la, ilé ìwòsàn.

Ọjọ́rú, 12
Dókítà náà kéré débi pé mo lè bí i. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru lápá mi, ó tún wọ̀n ọ́n lọ́rùn ẹsẹ̀. Mi ò rírú ẹ̀ rí. Ti ẹsẹ̀ kéré sí tapá gan-an. Mo ní ṣé kì í ṣe làkúrègbé? Ó ní rárá — ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ sẹ́sẹ̀ ló ń dí, ọ̀rá ti lẹ̀ mọ́ ọn nínú. Tí mo bá jókòó, díẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ á tó o. Tí mo bá ń rìn, ẹsẹ̀ á ké fún ẹ̀jẹ̀, kò ní rí i. Ó ní kí n máa yẹ ẹsẹ̀ wò lójoojúmọ́, egbò kékeré lè sọ ẹsẹ̀ di gígé. Ó ní ohun tó ń dí tẹsẹ̀ lè máa dí tọkàn náà.
"Sìgá ńkọ́, bàbá?"
Adájọ́ ló dáhùn: "Ó ti fi sílẹ̀ láti ọdún mẹ́ta, dókítà." Ó gbórí sókè sọ ọ́. Èmi náà mi orí. Páálí sìgá wà lápò mi, ó ń gún mi nítan.
Oògùn oríṣi méjì. Àti ìrìn! Kí n rìn títí á fi dùn mí, kí n dúró kó lọ, kí n tún rìn. Ohun tí mò ń sá fún gan-an ni oògùn.

Ọjọ́ Ẹtì, 14
Sìgá méjì, lẹ́yìn ilé ìtọ̀ pósófíìsì. Èmi, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta.

Ọjọ́ Ajé, 17
Ìyá Olókè wá sí pósófíìsì. Ẹni ọgọ́rin ọdún, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ilé tó gbẹ̀yìn lókè ni tiẹ̀. Òun àti ọmọ ẹ̀ obìnrin ò bára wọn sọ̀rọ̀ láti ọdún mẹ́rin, síbẹ̀ lóṣooṣù ló ń béèrè lẹ́tà. Ọ̀gá ní, "Màmá, tó bá wà, ẹ ò bá ti rí i. Ẹsẹ̀ Ìjì kì í sọ lẹ́tà nù. Mo lè forí mi búra."
Mo wà lẹ́yìn káńtà, mò ń to àpò. Mi ò gbójú sókè. Ìyá náà ní, "O kú iṣẹ́ o, ọmọ mi." Ilẹ̀ ò lanu kó gbé mi mì.
Mo délé, mo tú kọ́bọ́ọ̀dù. Lẹ́tà ẹ̀ wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18
Mo sọ fún Adájọ́. Lẹ́tà, sìgá, gbogbo ẹ̀. Ì bá tiẹ̀ pariwo. Ó jókòó, ó ka iye àwọn lẹ́tà náà — mẹ́tàdínlógún. Ó kàn ní, "O jẹ́ kí n parọ́ níwájú dókítà." Ó wọ yàrá lọ.

Ọjọ́bọ̀, 20
Mo gun òkè. Mo dúró lẹ́ẹ̀mẹjọ lójú gbogbo ayé. Ìgbà kẹfà, mo jókòó sí pèpéle onílé.
Ìyá Olókè ló gbẹ̀yìn. Ó ka lẹ́tà náà lórí ìdúró, ó sì nà án sí mi kí èmi náà kà á. Ọmọ náà ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Tí màmá òun bá ti dárí ji òun, kó wá pàdé òun ní ibùdókọ̀ ojú irin. Tóun ò bá rí i, òun á yí padà, òun ò sì ní yọ ọ́ lẹ́nu mọ́.
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Àbámẹ́ta tó kọjá.
Mo jẹ́wọ́. Ẹsẹ̀, òkè, kọ́bọ́ọ̀dù. Mo ní lọ́la ni ma sọ fún ọ̀gá, kó lé mi. Mò ń retí èpè. Ó gba lẹ́tà náà, ó ká a padà. Ó wo ẹsẹ̀ mi.
Ó ní, "Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ̀ kalẹ̀ lọ ra búrẹ́dì. Ká ní o sọ fún mi pé ẹsẹ̀ ń dùn ẹ́ ni, èmi ì bá máa wá gba lẹ́tà lọ́wọ́ ẹ nísàlẹ̀."