Kọ́kọ́rọ́ Tó Ṣí Ilé Onílé

Ẹ̀gbẹ́dá, Ọjọ́bọ̀, oṣù Kejì 1991

Ẹ̀rù bà mí lónìí.

Gbogbo ọ̀sán ni mo fi gbafẹ́ rìn kiri etí ọ̀sà ní Marínà, èmi nìkan. Mo jẹ gúgúrú, mo wo ọkọ̀ ojú omi tó ga ju ilé alájà lọ. Ẹ̀rù kankan ò bà mí níbẹ̀.

Ìgbà tí mo padà sí ẹ́sítéètì tí ẹ̀gbọ́n mi ń gbé ni ó ṣẹlẹ̀. Gbogbo ilé ibẹ̀ ló jọra. Mo gun àtẹ̀gùn, mo ki kọ́kọ́rọ́ ẹ̀gbọ́n mi bọ ilẹ̀kùn, ó sì ṣí wẹ́rẹ́. Ìyá kan jókòó sí pálọ̀, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà.

"Ta ló fún ẹ ní kọ́kọ́rọ́ ilé mi?"

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ má bínú, mà. Àlejò ni mí, àná ni mo dé láti Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ṣi ilé wọ̀ ni."

Wọ́n wò mí títí. "Dìde, jàre. Ká ní mo ti pariwo olè ńkọ́?"

Láàárọ̀ yìí, mo rí eérú táyà ní Ìyànà Ìpájà. Mi ò béèrè ẹni tí wọ́n fi sun.

Mo ti dé ilé tiwa báyìí, ẹ̀gbọ́n mi ti lọ síbi iṣẹ́ òru. Mo ti ilẹ̀kùn, mo tún gbé àga tì í. Ṣùgbọ́n bí kọ́kọ́rọ́ wa bá ṣí tiwọn, kọ́kọ́rọ́ ta ni ò ní ṣí tiwa?