Olóògbé Tó Pè Wá Lórí Fóònù

Ajé, 4 oṣù karùn-ún
Ìṣẹ́jú márùn-ún mi lórí rédíò, ètò orin róòkì tó ń jẹ́ “Òní Nínú Róòkì”, pé ọdún kan géérégé. Kò sẹ́ni tó kí mi. Èmi tí mo ń bá àwọn onígìtá ayé rántí ọjọ́ ìbí, ọjọ́ tí àwo orin wọn jáde, ọjọ́ tí ẹgbẹ́ wọn tú ká! Mo ra kéèkì kékeré kan. Mo dá a jẹ.

Ìṣẹ́gun, 5
Mo dáràn.
Láàárọ̀ mo kéde pé òní ló pé ọdún mẹ́wàá tí onígìtá ẹgbẹ́ Irin Pupa jáde láyé. Ohùn arò ni mo fi kà á. Mo tiẹ̀ dákẹ́ díẹ̀ kí n tó fi orin sí i. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta, fóònù dún. Ohùn àgbàlagbà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló pa mí?”
Mo pè é ní àwàdà. Kì í ṣe àwàdà. Ó ní òun ń tún fìríìjì ṣe ní ṣọ́ọ̀bù òun ni, orí òun wà nínú rẹ̀ nígbà tóun gbọ́ ikú òun.
Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rí i. Onígìtá mìíràn ló kú, orúkọ ló bá orúkọ mu, mi ò yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ti ṣàtúnṣe lórí afẹ́fẹ́ lọ́sàn-án. Ojú gbà mí tì.

Ọjọ́rú, 6
Ọ̀gá ilé iṣẹ́ rédíò wa ní kí n lọ bẹ ọkùnrin náà. Tó bá fi wá sùn pẹ́nrẹ́n, ìṣẹ́jú márùn-ún mi di ti ìròyìn ojú ọjọ́. Tẹ̀ríntẹ̀rín ló sọ ọ́ — ìyẹn ló burú jù.

Ọjọ́bọ̀, 7
Mo lọ. Ṣọ́ọ̀bù híhá, fìríìjì mẹ́jọ tò bí ọmọ ilé ìwé. Olóògbé (inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀ o!) ga, ó di irun funfun sẹ́yìn ọrùn. Mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n tètè dìde, epo wà nílẹ̀.
Ìyàwó rẹ̀ ni ò rẹ́rìn-ín. Àtàárọ̀ Ìṣẹ́gun làwọn èèyàn ti ń pè é, wọ́n ń bi í pé ọkọ ẹ ti kú látọdún mẹ́wàá, o ò sọ fẹ́nì kan?
“Ẹnì kan tiẹ̀ sunkún,” ó ní. “Tíṣà.”
Ọwọ́ Olóògbé dúró lórí iṣẹ́. Tíṣà ló ń kọrin fún Irin Pupa. Ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ báyìí. Wọ́n jà nígbà tí ẹgbẹ́ tú ká, wọn ò kíra wọn mọ́ láti ìgbà náà.
Ìyàwó rẹ̀ ń bá a lọ: “Ó ní òun lòun jẹ̀bi. Ó ní òun ò rẹ́ni tó ń ta gìtá bíi tìẹ mọ́.”
“Tíṣà? Tíṣà ló sọ bẹ́ẹ̀?” Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bi í. Lẹ́yìn náà: “Ṣé o wá sọ fún un pé mo wà láyé?”
“Ṣé ẹkún jẹ́ kí n ráyè sọ ọ́ ni? Ó ti gé fóònù.”

Ẹtì, 8
Olóògbé pè. Kò ní fi wá sùn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kọkàndínlógún ni àwo orin kan ṣoṣo tí wọ́n ṣe máa pé ọgbọ̀n ọdún. “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rántí ikú mi tí kò ṣẹlẹ̀, ẹ bá mi rántí èyí tó ṣẹlẹ̀.” Ó sì fẹ́ kí Tíṣà wà níbẹ̀. Kí n bá òun pè é.
Mo ní, ẹ pè é fúnra yín, sà.
Ó ní ẹ̀rù ń ba òun. “Tó bá gbọ́ pé mo wà láyé, tínú ẹ̀ bá tún wá bí ńkọ́?”

Àìkú, 10
Mo gbé fóònù lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo gbé e sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin.

Ajé, 11
Mo pe Tíṣà ní àsìkò ìsinmi ilé ìwé. Ariwo ọmọdé lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní, ẹni tẹ́ ẹ sunkún rẹ̀ kò kú o, sà, àṣìṣe mi ni.
Ó jágbe mọ́ àwọn ọmọ náà pé kí wọ́n dákẹ́.
“Ṣé ó dá yín lójú?”
Mo ní ó dá mi lójú, mo ti fojú mi rí i. Mo sọ ti ọjọ́ kọkàndínlógún fún un.
“Ẹ sọ fún un pé gbogbo ohun tí mo sọ fún ìyàwó ẹ̀, mo gbà á padà.” Ó gé e.

Ọjọ́bọ̀, 14
Ọ̀gá gbọ́ pé àwọn méjèèjì ń bọ̀ — ẹnu mi ló kó bá mi, Tíṣà ò tíì gbà láti wá. Ó fún mi ní wákàtí kan gbáko lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Tí kò bá dùn, ó ní, ojú ọjọ́ ń dúró.

Ìṣẹ́gun, 19
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé iṣẹ́ rédíò.
Olóògbé dé pẹ̀lú gìtá, ìyàwó, ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ gan-an. Àga kejì ṣófo. Ọ̀gá dúró lẹ́yìn gíláàsì, ó ń wo àga náà, ó ń wò mí. Mo bẹ̀rẹ̀. Olóògbé sọ bí wọ́n ṣe gba àwo orin náà sílẹ̀ ní ọjọ́ méjì, tí wọ́n fi tìmùtìmù dí fèrèsé káwọn aládùúgbò má baà pe ọlọ́pàá. Ó ní òun lòun dá gìtá ìbẹ̀rẹ̀ orin àkọ́kọ́ inú rẹ̀ sílẹ̀, ìrọ̀lẹ́ kan péré ló gba òun.
Ilẹ̀kùn ṣí. Tíṣà. Ẹfun ìkọ̀wé lára ṣòkòtò. Kò kí ẹnikẹ́ni, ó jókòó, ó fa máíìkì mọ́ra.
“Irọ́ ni. Ẹnu ni mo fi kọ ọ́ fún ọ kó o tó mọ̀ ọ́n ta.”
“Ìwọ?”
“Èmi!”
Ìjà ọgbọ̀n ọdún, lórí afẹ́fẹ́. Ọ̀gá ń fi ìka gé ọrùn: pa á, pa á! Mo ṣe bí ẹni tí kò ríran.
“Ó dáa, ta á,” Tíṣà ní. “Kí wọ́n gbọ́.”
Ó ta á. Tíṣà gbé ohùn lé e. Níbi tó ga jù, ohùn náà ya bí aṣọ gbígbó. Kò dúró, ó gba ibẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Ìyàwó ń fi ìborùn nu ojú. Ọ̀gá ti sọ ọwọ́ kalẹ̀.
Ó parí.
Tíṣà gbàgbé pé máíìkì ṣì ṣí. Ó gbá Olóògbé léjìká, kò rọra.
“Má tún kú mọ́ o.”
“Mo ti gbọ́,” Olóògbé ní.