Mọ́tò Mi Kì í Jí Láàárọ̀, Mo Ní Ìyá Ìyàwó Mi Ni

Ìyá ìyàwó mi kì í ṣe àjẹ́. Èmi nìkan ni mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ dájú nínú gbogbo ẹbí, èmi náà ni mo sì sọ ọ́ di àjẹ́, ẹnu mi yìí ni mo fi ṣe é... Ẹ má bi mí ní orúkọ mi, mo fi Ọlọ́hun bẹ̀ yín. Ojú ń tì mí débi pé tí èmi àti ìyàwó mi bá jọ ń jẹun, inú àwo ni mo máa ń wò.

Àdúgbò Adéwọlé níbí, nílùú Ìlọrin, là ń gbé. Mo ra jíìpù tòkunbọ̀ kan, mo ń fi ṣe fọ́ńtẹ́, tó bá di ìrọ̀lẹ́ màá fi tapólì bò ó kí eruku má bà á. Kò pẹ́ ni ìyàwó mi bí àkọ́bí wa, ìyá rẹ̀ sì wá láti Ọ̀fà láti wá máa wẹ ọmọ. Èmi fúnra mi ni mo lọ gbé e ní Ọ̀fà Garage. Ẹ wo ẹrù! Iṣu, èlùbọ́, epo, kódà ó gbé igi ìdáná wá, ó ní igi Ìlọrin kì í jó dáadáa. Búùtù ò fẹ́ padé, mo fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn gbàgà, ó padé. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, mọ́tò ò jí.

Mo yí kọ́kọ́rọ́, ó dún tíkí, ó dákẹ́. Àwọn aládùúgbò bá mi tì í, ó jí. Tó bá ti jí báyẹn, màá gbé e lọ office, màá gbé e bọ̀, kò ní sí wàhálà kankan, àmọ́ tílẹ̀ bá ti mọ́ báyìí, ó tún ti kú. Mo fi omi gbígbóná fọ orí bátìrì... kò gbọ́. Mo ra bátìrì tuntun, òun náà kú. Wọ́n ní alternator ni, a tú u. Wọ́n ní kick-starter ni, a tú ìyẹn náà. Ni wọ́n bá júwe rewire kan fún mi nítòsí Post Office, àwọn tó ń tún iná mọ́tò ṣe. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní nǹkan kan ló ń fa iná bátìrì lóru, kí n fi mọ́tò sílẹ̀ fún òun lọ́jọ́ kan kí òun wá a. Ó wá rẹ́rìn-ín, ó ní Alájì, kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Ọ̀rọ̀ jíìpù ni ọkùnrin yẹn ń sọ o! Inú mọ́tò ni ohun tó ń fa iná wà, ohun tó ní lọ́kàn nìyẹn. Èmi ńkọ́? Ilé mi lọkàn mi lọ. Ta ló dé tí gbogbo rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀? Ta ló ń jí ṣáájú gbogbo wa, tó ń gbé bútà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ jíìpù, tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́? Àlùwàlá ni ìyá ń ṣe, ẹ̀yin èèyàn! Ẹ̀rọ omi wa ló wà níbẹ̀! Èmi tí mò ń kírun, ṣé mi ò mọ àlùwàlá mọ́ ni?

Mi ò gbé mọ́tò padà lọ sọ́dọ̀ rewire. Kí ni mo tún fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀, ṣebí mo ti mọ olè. Mo sọ fún ìyàwó mi, ó bú mi, mo tún sọ, mo ń sọ ọ́ ṣáá títí ẹ̀rù fi bẹ̀rẹ̀ sí í ba òun náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá ń fi òrí pa ọmọ lára, mo dọ̀bálẹ̀ kí i, mo sì ní Màmá, kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà o. Àgbàlagbà ni, ta ní ń túmọ̀ òwe fún àgbà? Ó wò mí. Ó fi òrí pa ẹsẹ̀ ọmọ tán, ó wọ̀ ọ́ láṣọ, ó gbé e fún ìyá rẹ̀, ó lọ di ẹrù rẹ̀. Mọ́tò ò jí lọ́jọ́ náà, kábú-kábú ló wọ̀ lọ sí garage. Mi ò sìn ín dé títì pàápàá.

Ó lọ tán, mọ́tò ṣì ń kú, mo ní ó ti dè é mọ́lẹ̀ kó tó lọ ni. Àfi lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí táyà mi jò ní office. Mo ṣí búùtù kí n mú jáàkì, ọwọ́ mi kan gílóòbù kékeré tó wà lókè níbẹ̀... ó gbóná janjan! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣílẹ̀kùn ni, báwo ló ṣe máa gbóná tó bẹ́ẹ̀? Àṣé kì í kú rárá. Switch tó yẹ kó pa á tí ilẹ̀kùn bá padé ti fọ́, ọjọ́ tí mo fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ iṣu ìyá olóore ni mo fọ́ ọ. Mo yọ gílóòbù, mo jù ú nù. Ilẹ̀ mọ́, mọ́tò jí lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyàwó mi sáré jáde tòun tọmọ lẹ́yìn, ó káwọ́ lérí, ó bú sẹ́kún, ó ní òótọ́ ni mo sọ, ìyá òun ni, Ọlọ́hun ló ti gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀. Wallahi, ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ̀rọ̀. Mo lanu... mo ní àlùhámúdùlíláì.

Ọmọ ti ń rìn báyìí, ìyàwó mi tún ti lóyún, ó ní ìyá òun ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọmọ tó ń bọ̀. Èlùbọ́ tí ìyá fi ránṣẹ́, ó ní kí n lọ dà á nù, mo sì dà á nù! Ọ̀rọ̀ ti dé etí àwọn ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, wọ́n ní tí a bá ti ṣọdún ìtúnu àwẹ̀ tán, kí ìyá wá fi Kùránì búra níwájú Alùfáà pé òun kì í ṣe àjẹ́. Ìyá ní òun á wá. Ta ni wọ́n ní kó lọ gbé e wá? Èmi ni, torí èmi ni mo ní mọ́tò.

Ẹ gbà mí o. Tí mo bá jẹ́wọ́ fún ìyàwó mi, ṣé kò ní kẹ́rù rẹ̀ tòun toyún? Tí mi ò bá sì jẹ́wọ́, ṣé màá jókòó kí ìyá olóore máa búra nítorí gílóòbù? Lánàá ni dírẹ́bà tó máa ń ná Ọ̀fà jẹ́ iṣẹ́ kan fún mi. Ó ní ìyá kí mi, ó ní kí òun bá a bi mí, ṣé mọ́tò mi ti ń jí láàárọ̀. Dírẹ́bà ń padà lọ lọ́la... kí ni kí n ní kó sọ fún un?